Fótò Ìbejì Lórí Pápá Eré

Bí ẹ bá béèrè Abdulganiyu onífótò ní Ọ̀fà láyé ìgbà náà, ọmọdé pàápàá á júwe ṣọ́ọ̀bù wa fún yín. Èmi Ràfátù, ìyàwó rẹ̀, ìyá Asiata ọmọ wa, ni mo ń ránṣọ níwájú. Òun ló ń ya fótò lẹ́yìn kọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ kan ló mọ́ ọn lẹ́nu jù: "Má mira." Ó ń sọ ọ́ fún ìyàwó tuntun, ó ń sọ ọ́ fún ọmọ ìkókó. Bó bá jẹ́ Alhaji ló jókòó, á kàn fi "ẹ" ṣáájú rẹ̀ ni. Ọkọ mi kì í kánjú. Á tún fìlà oníbàárà ṣe, á gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún, á padà sídìí kámẹ́rà, á yọjú, á tún wá tún fìlà náà ṣe. Mo máa ń sọ fún un pé ọmọge tó wá ya fótò lọ́dọ̀ rẹ̀ á ti di ìyá ọlọ́mọ kó tó tẹ nǹkan náà.

Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí kámẹ́rà olójú gígùn dé ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Alhaja kan tó jẹ́ oníbàárà mi ló bá a rà á bọ̀ láti Jẹ́dà lọ́dún 1987. Kámẹ́rà dúdú ni, ojú rẹ̀ gùn síwájú, bátìrì ló sì ń lò. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa ya fótò lọ ràì, kìrà-kìrà-kìrà, ẹ ò ní fọwọ́ yí fíìmù rárá. Inú ọkọ mi dùn. Ó ní àwọn onífótò Ìlọrin ń ya bọ́ọ̀lù, wọ́n ń ya eré sísá, òun náà ò ní fi bẹ́ńṣì ṣe ilé mọ́. Ó gbé e lọ sí Ọ̀jòkú níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì yà wọ́n títí fíìmù fi tán. Nígbà tó fọ fíìmù náà, ẹsẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ àti eruku. Ẹni tó lórí ò lójú. Ewúrẹ́ kan tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn gòólù nìkan ló hàn kedere, téèyàn fi lè ka irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú ọkọ mi, mo gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ràfátù, wọn ò dúró dè mí," ló wí. Ó ti kámẹ́rà náà bọ inú àpò rẹ̀, ó sì padà sídìí kámẹ́rà àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà dé nìyẹn tí Ìyá Ìbejì fi wọlé.

Susannah lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè. Ìbejì ọkùnrin ló bí, ibà sì mú Táíwò lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ìbí wọn bá ti pé, á mú Kẹ́hìndé wá sọ́dọ̀ wa ká ya ìbejì. Ẹni tó mọ àṣà yìí á mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ọkọ mi á mú ọmọ náà jókòó sápá ọ̀tún bẹ́ńṣì, á yà á. Á ní kó dìde lọ sápá òsì, á tún yà á. Nínú yàrá òkùnkùn, á fi páálí bo ìdajì ìwé, á tẹ ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà á bo ti ọ̀tún, á tẹ ti òsì. Bí èmi náà ṣe ń so apá aṣọ méjì pọ̀ ló ń ṣe é. Tó bá fi máa jáde, ọmọ méjì ló jókòó: ọ̀kan Kẹ́hìndé, èkejì Táíwò.

Lọ́dún kan, ọ̀lẹ mú ọkọ mi, ó tẹ fótò kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé. Ìyá Ìbejì wò ó, ó sì rọra dá a padà. "Bàbá Asiata, Kẹ́hìndé méjì lẹ fún mi. Táíwò wá ńkọ́?" A ò mọ bó ṣe ń dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá wọn mọ̀. Ọkọ mi ò dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Ara ògiri pálọ̀ rẹ̀ ló ń fi àwọn fótò náà kọ́, wọ́n tò lọ láti ọdún dé ọdún. Mo ti dúró níwájú wọn rí. Ojú mi báyìí ni Táíwò ṣe ń dàgbà: eyín rẹ̀ ká, ó tún hù, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó wọ ṣòkòtò gígùn, irun sì ń yọ létè rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò mú Kẹ́hìndé dání. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi, ó ń fọwọ́ ká etí ìró rẹ̀.

"Kẹ́hìndé lóun ò ya fótò ìbejì mọ́," ó ní.

"Kí ló dé?" ọkọ mi bi í.

"Ó ní bóun bá ti dìde lápá ọ̀tún lọ sápá òsì, òun kì í mọ èwo lòun nínú àwọn méjèèjì mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀." Ó tún fọwọ́ ká etí ìró náà. "Bí kò bá sí fótò tọdún yìí, Táíwò dúró nìyẹn. Kẹ́hìndé á máa dàgbà lọ, Táíwò á wà níbi tó wà. Ọmọ mi á tún kú lẹ́ẹ̀kejì, màá sì máa fojú mi rí i lára ògiri lójoojúmọ́."

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ì bá sàn fún mi.

Ó wá sọ ohun tó bá wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ilé-ìwé Kẹ́hìndé máa ṣe eré ìdárayá wọn, ọdún yẹn sì ni yóò jáde níwèé mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún mítà ló máa ń sá. Yóò kọ́kọ́ sáré ìdánwò, bó bá yege, yóò sá ti àṣekágbá. "Mo gbọ́ pé ẹ ti ní kámẹ́rà tó ń ya ẹni tó ń sáré," ó ní. "Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan nínú ti ìkẹyìn. Kò ní jókòó, kò tiẹ̀ ní mọ̀. Kí àwọn ọmọ mi méjèèjì jọ sáré."

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ Ọ̀jòkú dé ètè mi, mo tì í padà.

"Ó máa ṣeé ṣe, Ìyá Ìbejì," ọkọ mi wí.

Nígbà tó lọ tán, inú ń bí mi. "Ta ló ní kí ẹ sọ pé ó máa ṣeé ṣe?"

"Kí ni kí n wá sọ fún un?" ó ní.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, jíjẹ mímu sú wa. Lójoojúmọ́ ni ọkọ mi ń lọ dúró létí ọ̀nà Ìjàgbò, tí á máa fi kámẹ́rà tí kò ní fíìmù nínú lé àwọn alùpùpù tó ń kọjá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kí i, wọ́n sì ń wẹ̀yìn wò ó. Èmi náà, mo rán apá ọ̀tún bùbá oníbùbá mọ́ apá òsì. Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tiwa wà lórí òrùlé, oorun náà ò sì kúkú wá.

Lọ́jọ́ eré, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, eruku sì bo pápá. Mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ, mo gbé àpò fíìmù. Ó yan ibì kan létí ìlà, nítòsí ibi tí wọ́n na okùn ìparí sí, ó fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀ kó má bàa ṣìnà ibẹ̀ nígbà kejì. Olùkọ́ eré wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí, lé wa sẹ́yìn okùn tí wọ́n fi dá àwọn òǹwòran dúró. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, títí ó fi jẹ́ ká padà.

Nínú eré ìdánwò, Kẹ́hìndé fi gbogbo wọn sílẹ̀ pátápátá. Kámẹ́rà dún, kìrà-kìrà-kìrà.

"Ẹ rí i mú?" mo bi í.

"N kò mọ̀." Bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyẹn, èèyàn ò lè mọ̀ àfi bó bá fọ fíìmù tán.

Nígbà tí àṣekágbá kù díẹ̀, ọkọ mi padà sórí ibi tó fi ẹsẹ̀ fà. Ìbọn dún. Àwọn ọmọ náà ń bọ̀, gbogbo pápá ń hó. Èmi ò wo eré. Ìka ọkọ mi ni mò ń wò, ìka náà ò sì lọ sílẹ̀. Wọ́n kọjá níwájú wa, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń dúró. Ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ náà ló ń ṣe, ó ń dúró kí ara oníbàárà balẹ̀. Okùn já. Ẹnu ọkọ mi ló wá là dípò kámẹ́rà:

"Má mira!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kan rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ìtìjú mú mi débi pé n kò lè gbójú sókè. Ẹyin lohùn, tiwa sì ti balẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, tó ṣe ipò kejì, tó ti ń dá nìkan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dúró. Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì dúró gbọn-in bíi pé bẹ́ńṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àyà rẹ̀ nìkan ló ń lọ sókè sódò. Ọkọ mi tẹ kámẹ́rà. Ọmọ náà wò wá díẹ̀ sí i, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ yàrá òkùnkùn. Nínú gbogbo ti eré ìdánwò, ọ̀kan péré ló dáa: Kẹ́hìndé nìkan, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ọkọ mi ò ya irú rẹ̀ rí. Ti èyí tó dúró náà hàn dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí la tún ń fẹ́. Mo bá a di páálí mú, ó tẹ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe wà lórí pápá: ẹni tó ń sáré lápá òsì, ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ibi tí okùn wà.

Fótò náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi oògùn, ara mi sì ń tutù bó ṣe ń yọ. Kẹ́hìndé ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, Táíwò sì dúró níwájú, ó ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ Táíwò ló kọ́kọ́ wáyé, tí Kẹ́hìndé ní kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Òun náà ló kọ́kọ́ padà. Ìyá wo la fẹ́ gbé èyí fún pé kó fi kọ́ sára ògiri?

"Ẹ fà á ya," mo ní. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ó fà á ya.

"Ká tẹ ẹni tó ń sáré lẹ́ẹ̀mejì," ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì le.

"Kẹ́hìndé méjì," mo dá a lóhùn. Òun náà mọ̀.

Ó jókòó sórí korobá tá a dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ká sọ fún un pé kò jáde."

Mo ń wo ègé fótò tó ti ya lọ́wọ́ mi. Mo gbé ti apá ọ̀tún sí òsì, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún. "Ẹ gbé ẹni tó dúró sẹ́yìn," mo ní. "Kí èyí tó ń sáré kẹ̀yìn sí i."

Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé ò sáré lọ bá òkú mọ́; ó ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀, nítorí ohun tí obìnrin náà ń bẹ̀rù gan-an la wá yà sílẹ̀ yẹn. Táíwò dúró. Ibi tí ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró sí la dá a dúró sí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ìbejì yà sọ́dọ̀ wa bó ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó gbé fótò náà fún un. "Ìyá Ìbejì, ọwọ́ mi ló ṣàṣìṣe. Ọ̀kan ló ń sáré, èkejì dúró. Bí ẹ ò bá gbà á, mi ò ní bínú."

Ó gba fótò, ó wá ìgò ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó fi sójú. Mo gbé ẹsẹ̀ lé maṣíìnì, n kò lè tẹ̀ ẹ́.

"Táíwò rèé," ó ní. Orí ẹni tó dúró ló gbé ìka lé, kò sì ṣiyè méjì. "Ó dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú," mo ní.

"Rárá o, Ìyá Asiata, ẹ wo ojú rẹ̀. Kò bínú." Ìka rẹ̀ kúrò lórí ọ̀kan, ó lọ sórí èkejì. "Ó dúró kí èyí lè máa lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí ibà ti mú un lọ ni mo ti ń fà á lọ́wọ́."

Ìgbà yẹn ló wá sunkún, ó sunkún gan-an. Aṣọ oníbàárà ló wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi nu ojú rẹ̀, n kò bìkítà. Ọkọ mi wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ dúró síbẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì sunkún tán, ó fi ìwé ìròyìn wé fótò náà, ó dágbére, ó sì jáde. Kò tíì rìn jìnnà tó fi padà wọlé.

"Bàbá Asiata," ó ní, "ẹ bá mi tẹ èyí tó ń sáré yẹn, kó tóbi díẹ̀. Òun nìkan."

"Kẹ́hìndé nìkan?"

"Kẹ́hìndé nìkan. Mi ò ní fótò rẹ̀ kankan nílé."