Àwọn Báàgì Ẹ̀bẹ̀ Tí Britta Haugen Dì

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Britta Haugen rí pẹ̀lú bàálù. Obìnrin yìí, tí ó jẹ́ alásè ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú St. Cloud, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, kì í ṣe ojo rárá. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọkọ̀ jáde nínú yìnyín rí, ó sì lè mú kí igba ọmọdé tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ìkòkò ọbẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Síbẹ̀, ó jẹ́ ẹni tí ó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga tí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti í ṣe, tí ìyá ìyá rẹ̀ sì ṣe ṣáájú wọn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Linnea, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣì jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀, wọ́n wọ bàálù lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Denver. Ọmọ náà sunkún láti ìgbà tí wọ́n gbéra títí tí wọ́n fi balẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn wọn dìde dúró, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo èrò lè gbọ́ pé, "Bí o ò bá mọ ọmọ tọ́, ṣe ni kó o jókòó sílé rẹ!" Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó gbèjà Britta. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù, ó sì sunkún ju ọmọ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti búra pé ìrìn àjò tí mọ́tò kò bá lè gbé òun dé, òun kò ní rìn ín.

Ṣùgbọ́n Linnea pé ọdún mẹ́rin ààbọ̀, ó rí àwòrán òkun nínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lójoojúmọ́ bóyá òkun tóbi ju adágún ẹ̀yìn ilé wọn lọ. Derek, bàbá rẹ̀, dárúkọ San Diego: ọ̀sẹ̀ kan gbáko létí òkun, bàálù wákàtí mẹ́rin péré.

"Emmett ńkọ́?" ni Britta béèrè.

Emmett ni àbúrò Linnea, ọmọ oṣù mọ́kànlá. Àìsàn etí ti yọ ọmọ náà lẹ́nu jálẹ̀ ìgbà òtútù, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà rẹ̀ kò kọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún Britta.

"Ẹ lè gbé e lọ. Àmọ́ bí bàálù bá ti ń gòkè, ẹ rí i pé ó ń mu nǹkan tàbí ó ń fa nǹkan lẹ́nu. Bí kò bá mu nǹkan, etí yẹn á tún dùn ún, ẹ̀yin náà á sì mọ̀ pé ó ń dùn ún."

Emmett kì í mu ìgò wàrà níta ilé. Agídí rẹ̀ kò gbà á láyè. Ohun kan ṣoṣo tí ó máa ń gbà sẹ́nu níbikíbi ni ọmú rọ́bà aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí ọmọ máa ń fà lẹ́nu kí ó lè dákẹ́. Britta ra mẹ́ta tuntun irú rẹ̀ gan-an, kí ti ilé má bàa sọnù, ó sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kékeré tí ó wà níwájú báàgì ọmọ. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì yóò wà. Bí èkejì bá sọnù, ẹ̀kẹta yóò dí àlàfo rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò náà, ó tẹ́ ogún báàgì bébà pẹlẹbẹ sórí tábìlì ìdáná. Ó fi ṣokoléètì méjì méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun kékeré tí a fi ń dí etí, àti lẹ́tà kan tí ó kà báyìí: "Ẹ ǹlẹ́ o. Emmett lorúkọ mi, oṣù mọ́kànlá ni mí. Ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé nínú bàálù. Bí mo bá pariwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mọ́mì mi."

Derek wọlé, ó wo tábìlì, ó sì pa àtẹ́wọ́.

"Britta, ṣé ṣọ́ọ̀bù lo fẹ́ ṣí ni?"

"Fún àwọn tó máa jókòó yí wa ká ni. Kí wọ́n lè mọ̀ pé a ti bẹ̀ wọ́n."

"Ọmọ ò tíì sunkún, o ti ń bẹ̀bẹ̀! Bí olè bá jà ọ́, ìwọ lo máa ní kó má bínú pé ilẹ̀kùn le jù."

"Wá bá mi dì í, àbí kó o lọ. Má sì jẹ ṣokoléètì mi."

"Mi ò jẹ ẹ́," ni Derek wí, ẹnu rẹ̀ sì kún.

Linnea gun orí àga, ó yọjú sínú báàgì kan. "Mọ́mì, kí ni wọ́n máa fi ṣe?"

"Bí Emmett bá ń sunkún, ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa jẹ́ kí ara tù wọ́n."

Linnea mi orí bí àgbà tí a ro ẹjọ́ fún. "Èmi náà fẹ́ ṣèrànwọ́."

"Ó dáa, ọmọ mi. Bá mi kó wọn sínú páálí yẹn."

Báyìí ni Britta fi lọ ká aṣọ. Kò sí ẹni tí ó tún wo inú àwọn báàgì náà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, nínú bàálù, Linnea ni ó pín báàgì fún àwọn èrò, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú "ẹ má bínú" lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyá àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí ó jókòó lódìkejì wọn, ka lẹ́tà náà sókè, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan gba tirẹ̀, ó yọ ohun ìdí-etí níbẹ̀, ó ki í bọ etí, ó sì sùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn wọn ni ó já Britta láyà. Ó dé fìlà àgbẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì nípọn bíi ti ọkùnrin ọjọ́ Denver. Ó kàn ṣe "Hùn," ó sì ti báàgì náà bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀ láìwò ó.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Iná tí ó ní kí olúkúlùkù de bẹ́líìtì tàn. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ díẹ̀díẹ̀, Britta sì na ọwọ́ sínú àpò kékeré iwájú báàgì ọmọ.

Òfìfo ni.

Ó wo àpò ẹ̀gbẹ́, ó wo ti inú, ó da ìlédìí àti aṣọ sórí itan Derek. Kò sí. Emmett ti ń rún ojú. Britta fi ìgò wàrà kàn án lẹ́nu. Ọmọ náà fi ọwọ́ gbá a dànù, ó ya ẹnu, ó sì fi igbe ta. Britta wá rí i pé ọwọ́ ọmọ náà ti lọ síbi etí.

"Derek, rọ́bà dà?"

"Ìwọ lo kó o!"

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo kó o! Ibo ló wà?"

"Ó wà nínú báàgì," ni Linnea dáhùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀bá fèrèsé.

"Kò sí nínú báàgì, Linnea, mo ti wò ó."

"Kì í ṣe báàgì yẹn. Báàgì tá a pín. Mo fi ọ̀kan síbí, mo fi ọ̀kan síbẹ̀, mo fi ọ̀kan síbòmíràn. Ẹ ní ohun tó máa jẹ́ kí ara tù wọ́n ni. Rọ́bà ló máa ń jẹ́ kí Emmett dákẹ́."

Derek fi ọwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni, kì í ṣe ẹkún.

Britta fẹ́ dìde. "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni òṣìṣẹ́ inú bàálù pè é láti iwájú, "a ti fẹ́ gbéra!" Ẹ̀rọ ti ń bú. Ó mọ ohun tí ó kù fún òun láti ṣe, ohun náà gan-an ni ó sì ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta: kí gbogbo èrò bàálù yí ojú sí òun. Ó wo Emmett, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata, tí ó sì ń fa etí rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́!" Ohùn tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ wo inú báàgì tá a fún yín! Ọmú rọ́bà ọmọ mi wà nínú ẹ̀! Etí máa ń dùn ún, kò sì gba nǹkan míì!"

Lójú ẹsẹ̀ ni ariwo bébà gba inú bàálù kan bí ẹni pé eku wọ àká.

"Kò sí nínú tèmi!"

"Ṣokoléètì nìkan ló wà nínú tèmi, mo sì ti jẹ ẹ́!"

"Aláwọ̀ wo ni?"

"Ewé! Aláwọ̀ ewé!"

Nígbà náà ni ọwọ́ ńlá kan yọ sókè lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin onífìlà náà ni, ó fi ìka méjì mú ọmú rọ́bà dání.

"Ṣé èyí kọ́?" ni ó wí. "Mo ti rò pé èmi ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ó ti pẹ́ tíyàwó mi ti ń sọ pé ráhùnráhùn mi ti pọ̀ jù."

Ẹ̀rín bú sáyé. Ó nà án sí ìyá onírun funfun, ìyá náà fi ìnujú olóògùn nù ún tọkàntọkàn, ó nà án sí Derek, Derek nà án sí Britta. Bí iwájú bàálù ti gbé ojú sókè ni ẹnu Emmett pa dé. Ó ń mu ún, ó ń mu ún, omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ilẹ̀ Minnesota sì ń lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo adágún rẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn dara pọ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Britta wí. "Ẹ má bínú, ẹ—"

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" ni ọkùnrin náà dá a lóhùn. "Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ́ ọmọ. Ẹ tiẹ̀ ń jẹ ṣokoléètì yẹn bí? Ó dùn."

Verlyn ni orúkọ rẹ̀. Àgbàdo ni ó ń gbìn, ó sì ń lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, Emmett ti sùn, ìyá onírun funfun ti rí ọmú rọ́bà kejì nínú báàgì tirẹ̀, ó sì ti gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì kékeré rẹ̀ de ìgbà tí wọn yóò balẹ̀. Britta fi orí ti àga. Ó tó ọdún mẹ́ta tí èjìká rẹ̀ ti ń dúró de ìgbà tí yóò lè sọ ara kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàálù ń sọ̀kalẹ̀, Emmett jí, ó gba ọmú rọ́bà, kò sì sunkún.

Wọ́n ti ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ nígbà tí ẹnì kan sáré tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n náà ni. Ohun ìdí-etí kan ṣì wà ní etí rẹ̀ òsì, ojú oorun kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó na báàgì bébà sí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma," ni ó wí pẹ̀lú ìtìjú, "mo rí èyí nínú tèmi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó."

Linnea wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ lè mú un," ni ó wí. "Ẹ máa nílò rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń padà. A ti ní méjì."

Britta bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti gbé ẹrù sílẹ̀.

"Britta," ni Derek wí, "o ò sọ fún un pé kó má bínú o. Ṣé ara rẹ yá?"

Britta ronú díẹ̀. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí Verlyn ti ní kí ó jẹ́ kí ọmọ jẹ́ ọmọ, kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni.

"Mọ́mì," ni Linnea wí, ó ń fa aṣọ rẹ̀, "òkun dà?"