Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ká Sọ Tẹnu Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé èèyàn lómìnira láti sọ ohun tó bá wù ú, mo máa ń bi í pé níbo, àti níwájú ta ni? Mi ò fi ìbéèrè náà ṣeré o. Èmi náà ti gbà á gbọ́ rí, mo gbà á gbọ́ débi pé mo fi ba ayé ẹlòmíì jẹ́.

Jos ni wọ́n bí mi sí. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, ibẹ̀ ló sì kú sí nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ku ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, àti èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àdúgbò Angwan Rukuba là ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, torí pé apá ìyá wa kò ká ọmọ ilé ìwé méjì. Èmi ló rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀, orí máṣíìnì rẹ̀ ló ti wá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀.

Yorùbá àwa tí wọ́n bí sí Jos ní àléébù kan. À ń sọ ọ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n Hausa la fi ń ṣeré níta, òun la fi ń ra ata, òun la sì fi ń jà. Nígbà tí mo fi máa pé ogún ọdún, mo lè bá ìyá mi rojọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán láìkọsẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Nínú tèmi, àbọ̀ náà ló máa ń wà. Bí àgbàlagbà bá ń jẹun tó ní, “Ẹ wá jẹun o,” ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé yóò ní, “Á gbabi ire.” Èmi, màá lọ fọwọ́ ni. Ìyá mi á máa fi ojú bá mi wí, mi ò ní rí i.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Mo ti di tíṣà nílé ìwé kan ní Dilimi. Gbogbo ẹnu ló là nígbà náà. Kódà ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì wa ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún gómìnà. Bí a bá ti jókòó sínú yàrá àwọn tíṣà, àríyànjiyàn dé nìyẹn, ohùn tèmi ló sì máa ń lọ sókè jù. Inú mi dùn nígbà yẹn, mi ò ní purọ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń pàdé ní ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìsìn, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Ali Kazaure. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣeréṣeré. Ó ní bọ́ọ̀sì tó máa ń gbé òkú wa relé, ìrìn ọjọ́ méjì, ká lè sin olúkúlùkù sí àárín àwọn baba rẹ̀. Òun ló gbé bàbá mi. Tí ọmọkùnrin ìlú wa bá sì fẹ́ fẹ́ ọmọ Jos, àwọn òbí rẹ̀ tó wà nílé kò mọ̀ wá rí, nítorí náà ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí láti ṣe ìwádìí. Ṣé kò sí àrùn nínú ìdílé náà? Ṣé kò sí olè, ṣé kò sí wèrè? Ohun tí ẹgbẹ́ bá kọ padà labẹ gé.

Nípàdé, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ yóò ra obì. Bó ṣe wà látìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sunday kan, alága wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ kùsà, dìde, ó ní, “Ayé ti yí padà. Ìjọba ti ní kí oníkálukú máa sọ tẹnu rẹ̀, àwa náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Láti òní lọ, tí ọ̀rọ̀ ìpàdé bá ti parí, ẹni tó bá ní ohun kan lọ́kàn kó dìde kó sọ ọ́. A kò ní ní kó ra obì, a kò sì ní bá a wí.”

A pàtẹ́wọ́. Bàbá kan dìde, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn. Òmíràn dìde, ó ní ẹ̀yin àgbà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo wo àwọn méjèèjì bí ojo. Kò yé mi pé wọ́n ń ṣe ohun tó yẹ kí a ṣe ni, pé wọ́n ti pè wá sídìí oúnjẹ, wọ́n sì ń dáhùn pé á gbabi ire.

Èmi lọ fọwọ́.

Bíríkìlà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Òun ló mọ gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yẹn, ọ̀fẹ́ ló sì mọ ọ́n. Ó kú ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kú ni alága ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún opó bíríkìlà pé bọ́ọ̀sì ti bàjẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òkú dúró di ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò gbà, wọ́n sì sin ọkọ rẹ̀ sí Jos. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la rí bọ́ọ̀sì náà níwájú ilé alága, tó ń já àwọn àlejò ìgbéyàwó sílẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá. Ẹni tó mọ ilé yìí, a ò gbé e relé. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì bàjẹ́. Bọ́ọ̀sì ò bàjẹ́, ibi ìgbéyàwó ọmọ alága ló wà. Mo rí i, ẹ̀yin náà rí i. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí alága tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá yìí.” Mo sì nawọ́ sí opó náà níbi tó jókòó sí.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O ti sọ tẹnu rẹ.” Ó wá kọjú sí akọ̀wé, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ wa sọ̀rọ̀, a kò sì bá a wí. Mo jókòó bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Àfìgbà tí a dé ìta ni ìyá mi tó sọ̀rọ̀. “Haba! Kí ni mo ṣe fún ẹ? Ṣé o ò gbọ́ bí àwọn tó ṣáájú rẹ ṣe sọ tiwọn ni? Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ o.”

“Màmá, àwọn ló ní ká sọ tẹnu wa. Ẹ sì gbọ́ ọ pé wọn ò ní bá mi wí.”

“Mo gbọ́,” ó ní. “Wọn ò ní bá ẹ wí.”

Nílé, ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí máṣíìnì. Ìyá wa ròyìn fún un. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí mo sọ, mo ní òótọ́ ni. “To,” ó ní bí àwọn Hausa ṣe máa ń sọ ọ́ tí ọ̀rọ̀ bá parí, ó sì ń ránṣọ lọ.

Ẹnì kan ń fẹ́ ẹ nígbà náà, ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Bauchi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ti dá àwọn méjì padà ṣáájú, ó ní kí n kọ́kọ́ parí ìwé mi. A ti ń retí ìwé ìwádìí láti ọ̀dọ̀ bàbá ọkùnrin náà. Mo mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa nígbà tí mo dìde nínú gbọ̀ngàn. Mi ò rò ó pọ̀ ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkùnrin náà wá, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mú ìwé tí ẹgbẹ́ kọ sí bàbá rẹ̀ dání. Ó na ìwé náà sí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi nà án sí mi torí èmi ni tíṣà. Mo kà á sókè: “A rí ìwé yín gbà, inú wa sì dùn pé àlàáfíà lẹ wà. Ní ti ìdílé tí ẹ béèrè, a kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.”

Ẹni tí kò mọ̀ wá yóò ní kò sí èèbú níbẹ̀. Kò sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè ìdílé lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì dákẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá tó ka ìwé yẹn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan àrùn tó bá wù ú fún wa. Ọkùnrin náà sunkún. Ó ní bàbá òun ti búra pé òun kò ní gba irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún alága. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún wa. Bàbá náà ní ká dìde, ká jókòó. Kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí.

“Ṣé mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa yín?” ó ní. “Èmi ò lè purọ́ mọ́ ìdílé yín láé. Ìwọ ọmọ mi, o ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, a sì jẹ́ kó o sọ. Ṣé àwa ò wá ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ ni?”

Látìgbà yẹn ni mo ti ń dá a lóhùn nínú balùwẹ̀, lójú ọ̀nà, nídìí ààrò. Mo ń sọ fún un pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bínú sí mi, kó má kí mi, kó má jẹ oúnjẹ ilé wa mọ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, ó yẹ kí n jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan. Èsì tó dáa ni. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kí a tó kúrò nílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, alága fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ìwé ṣeé tún kọ, tí ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu bá lè padà síbi tó ti wá. Ìyá mi ní yóò padà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ alága. Mo ní bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lóòótọ́, pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Opó bíríkìlà wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Àwọn èèyàn ní Ọlọ́run á dárí jì mí, ẹnì kan sì fà mí dìde. Opó náà ò wá sí ìpàdé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Nígbàkígbà tí mo bá rí i lókèèrè ní ọjà, mo máa ń yà sí ọ̀nà míì.

Ẹgbẹ́ kọ ìwé kejì. Wọ́n yìn wá débi pé ojú tì mí nígbà tí alága ní kí n kà á. Bàbá ọkùnrin náà sì dáhùn pé ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nígbà ọyẹ́, tó wá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kí òjò tó rọ̀, ó dájú pé ẹnì kan ti lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ní ìdílé tó mọ́ kì í bẹ̀bẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíì nílé lọ́dún yẹn.

Àwọn sójà padà sórí ìjọba. Nínú yàrá àwọn tíṣà, bọ́ọ̀lù nìkan ló kù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi rí ọkọ fẹ́, ọmọ ìlú míì tí wọ́n bí sí Jos bíi tèmi, tí àwọn òbí rẹ̀ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Kò bá mi jà rí, kò sì tún rí ọkọ.

Ó tó ọdún méje lẹ́yìn ìwé kejì kí n tó lè bi í. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà. Mo ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ti dárí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípàdé jì mí?”

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. “Ọ̀rọ̀ wo? Ẹ̀ẹ̀mejì lo sọ̀rọ̀.”

Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú.

“Ti àkọ́kọ́, òótọ́ ni,” ó ní. “Ká ní o bi mí ni, bóyá ǹ bá ní kó o lọ sọ ọ́. Èmi náà rí bọ́ọ̀sì yẹn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ká ní o bi mí ni, ǹ bá má jẹ́ kó o kúnlẹ̀ níwájú opó yẹn nítorí ọkọ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì lo fi ayé mi sọ̀rọ̀, o ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Mo la ẹnu.

“Jọ̀ọ́,” ó ní, “má sọ nǹkan kan.”

Mo dákẹ́, òun náà sì gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣíìnì.