Egbò Ètè Tí Ò Jẹ́ Kí N Gbé Ọmọ-ọmọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí egbò kékeré kan tó yọ sí mi létè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Èmi náà kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín ni.

Ṣadé, ọmọ mi kan ṣoṣo, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ìlíṣàn. Wọ́n wá ọmọ títí, àdúrà sú àwọn mìíràn, kò sú èmi. Nígbà tí Ọlọ́run wá dá wa lóhùn, tí Ṣadé bí obìnrin làǹtì-lanti, mo da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Makun. Ta ló ń ránṣọ nígbà tí ìkókó wà nílẹ̀? Mo ra kàn-ìn-kàn-ìn, òrí àti ọṣẹ dúdú. Ta ni kó wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá ìyá ẹ̀?

Ó ku ọ̀la kí n lọ ni ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, tó ń ta mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wú, omi ti kó sínú rẹ̀. Ara mi ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, nítorí náà inú mi dùn. Ẹ ò mọ̀dí? Lọ́dọ̀ tiwa, tí nǹkan yìí bá ti yọ, a ó ní ibà ti bú jáde nìyẹn, ara ti fẹ́ yá. Ìyá Sukurat, aládùúgbò mi, tilẹ̀ kí mi kú ewu! Mo lo oògùn ibà, mo wọ mọ́tò, ó di Ìlíṣàn.

Ẹ wo ọmọ! Mo tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Imú ẹ̀ dí. Ìyẹn ò le rárá. Mo tẹrí ba kí n fi ẹnu fa ikun náà jáde, bí ìyá mi ti ṣe fún mi, tí èmi náà ṣe fún Ṣadé.

"Màámi, ẹ dúró!" Ṣadé já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi tòun ti ọṣẹ lára!

Ó ní kí n lọ wo ẹnu mi nínú dígí. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ní klíníìkì pé ẹni tó bá ní irú egbò yìí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ìkókó, pé ó lè ràn án, ó sì lè pa ọmọ tuntun. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ẹnu tí mo fi fa imú tìẹ náà nìyí!" Ni ọkọ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n padà sílé títí yóò fi jinná. Ẹ gbọ́ o, ó dọ̀bálẹ̀ lé mi jáde! Ta ló lè bá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ jà?

Bí mo ṣe ń padà sílé, mo fi ìbínú yà sí ilé oògùn kan lójú ọ̀nà, kí wọ́n lè bá mi sọ pé irọ́ ni. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ibà ló bú jáde. Kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ni, inú ara ló ń sá pamọ́ sí. Bí ara bá gbóná tàbí tó rẹ èèyàn jù, á tún yọjú. Oògùn ibà ò kàn án rárá. Ó fún mi ní ìpara acyclovir, ó ní ká ní mo ti ń fi pa á látìgbà tó ti ń yún mi, bóyá ì bá má wú tó báyìí. Kí n máa fi òwú pa á léraléra, kí n fọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, kí n má fọwọ́ yẹn kan ojú, kí n ya ife mi sọ́tọ̀, kí n má já èépá rẹ̀.

Bí mo ṣe padà sí Makun nìyẹn. Ìyá Sukurat ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹlòmíràn ní kẹrosíìnì. Mo ní kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀! Kí n tó kúnlẹ̀ àdúrà láàárọ̀, dígí ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Àárò ọmọ yẹn sọ mí o! Ṣadé ń pè mí lórí fídíò, ṣùgbọ́n ṣé fóònù ń gbé òórùn ni? Òórùn orí ìkókó ni mo fẹ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìyá ọkọ Ṣadé wá láti Ìpẹru, òun ló ń wẹ ọmọ. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ nínú fídíò, tó ń fi òrí tí mo rà ra ẹsẹ̀ ọmọ. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, mo rẹ́rìn-ín, mo pa fóònù, mo sunkún. Ṣé mo jowú? Mo jowú!

Nígbà tí èépá bọ́, mi ò sáré. Mo padà tọ obìnrin oògùn náà lọ. Ó ní awọ ti jinná, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n má ṣe fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, kí n má sì fẹnu fa imú ẹ̀ mọ́ láé. Rọ́bà kékeré wà tí wọ́n fi ń fà á.

Mo dé Ìlíṣàn. Ìyá Ìpẹru dìde, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ọmọ figbe ta! Ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ìyá Ìpẹru nawọ́ kó gbà á padà, ṣùgbọ́n Ṣadé rọra dá a dúró.

Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kó ké lọ́wọ́ màámi."

Ó ké, ó ké, títí tó fi sùn lé mi láyà. Wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀ kí n jẹun. Mo ní ebi ò pa mí.

Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ̀yin èèyàn mi: bí ètè bá ti ń yún yín, tó ń ta yín, ẹ má sọ pé ibà ń jáde, ilé oògùn ni kí ẹ yára lọ. Bí ìkókó bá wà nílé, ẹ jìnnà sí i, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ̀yin ìyá àgbà ńkọ́, kí lojú yín ti rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Kí ẹ sì sọ fún mi, báwo lẹ ṣe ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra tí ẹnu yín ò ní máa sáré lọ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀? Torí tèmi ò tíì gbà.