Kànga Tó Ń Dán

Nígbà tí bàbá mi ti géètì ilé wa ní Bódìjà pa, tí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sápò, mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga fún wa lẹ́yìnkùlé ló kan àpáta funfun kan tí nǹkan ń dán yanran nínú rẹ̀, ló bá pariwo: "Alájì, wúrà!" Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde mọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà dé ìgboro. Bàbá gba fóònù èmi àti ti agbẹ́kànga náà.

Ẹ̀kọ́ nípa àpáta ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe wúrà. Láyé àtijọ́, àpáta abẹ́ ilẹ̀ yìí sán, apá kan sì yọ̀ kúrò lára èkejì. Omi gbígbóná láti ìsàlẹ̀ gba ojú ibẹ̀ gòkè. Ó ti yọ́ irin àti imí-ọjọ́ mọ́ra lọ́nà. Bó ṣe ń tutù ló ń já wọn sílẹ̀. Àwọn ló ń dán yẹn."

"Ṣé wúrà kì í bá irú omi bẹ́ẹ̀ wá ni?"

Mi ò lè purọ́. "Ó máa ń bá a wá nígbà mìíràn, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìdánwò mi sì ń lọ níléèwé láìsí èmi níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ márúwá lójú títì bí ẹni pé ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń sáré. Agbẹ́kànga bú sẹ́kún lẹ́bàá ògiri.

"Alájì, ẹ ṣàánú mi. Ìyàwó mi lóyún, òun nìkan ló wà ní Apete."

Bàbá kọjá lára rẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu géètì.

Mo wọ ilé ìdáná. Mo lọ díẹ̀ nínú òkúta náà kúnná, mo yan án lórí gáàsì. Òórùn bíi ti ìṣáná gba gbogbo ilé. Bàbá wọlé, wọ́n ń wúkọ́. Ohun tó ń dán ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí irin tó dógùn-ún.

"Iná kì í sọ wúrà dà báyìí, Bàbá."

Wọ́n fi ṣíbí rò ó wò. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì.

Agbẹ́kànga sáré jáde láìdágbére. Èmi náà jáde, mo wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀ láìní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá ń fi ọwọ́ ara wọn da iyẹ̀pẹ̀ padà sínú kànga.

"Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, sà."

"Fi mí sílẹ̀," ni wọ́n wí.