Àdùkẹ́ àti Ojú Ìwé Ìgbéyàwó Wa

Àdùkẹ́, ṣé irọ́ lè wà nínú ìwé ìgbéyàwó, kí ìgbéyàwó náà sì jẹ́ òótọ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ó mà ṣe o! Ìwọ tí ì bá dá mi lóhùn ni a fẹ́ gbé lọ yìí. Ó dìgbà ná, ìyàwó mi. Ó di ojú àlá.

Àwọn tó péjọ mọ̀ ọ́ sí nọ́ọ̀sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú aláìsàn ní Hyde Park ní Chicago níbí, obìnrin ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tí kì í gbóhùn sókè séèyàn. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ iṣẹ́ tí o dáwọ́ lé lẹ́yìn tí o fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwa méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe wa. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó kan etíkun wa. Ibẹ̀ la ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí ìjọ ibẹ̀ fẹ́ kọ ìtàn ara rẹ̀, wọ́n ya àwòrán gbogbo ìwé ìgbéyàwó tó wà nínú àpótí wọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. O gbà láti ṣe é. Ìwọ ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń kà á tẹ̀lé ọ láti wò bóyá ó bá àwòrán mu. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, kódà bó bá kù díẹ̀ káàtó.

Bí yìnyín bá ń bọ́ sórí òrùlé wa ní Calumet City, tí fèrè reluwé ń dún lókèèrè, mo máa ń gbàgbé ilẹ̀ tí mo wà. Ṣe ló máa ń dà bíi pé agogo abúlé yẹn ló ń dún, tí àwọn ìyàwó àtijọ́ sì ń gba pálọ̀ wa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ lára bàtà wọn. O sì máa ń kí wọn. "Ẹ kú oríire o, Mèrí ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọkọ yín dà?" Àwọn tí kò mọ̀wé kọ, tí wọ́n fi àmì àgbélébùú kékeré rọ́pò orúkọ, lo fẹ́ràn jù. Nínú àwọn ìwé tó pẹ́ jù, orúkọ tọkọtaya àti ọjọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, àyè wà fún orúkọ bàbá àti iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá kan ibi tí wọ́n fa ìlà lásán sí àyè bàbá ìyàwó, o máa ń fi ìka tọ ìlà náà kí o tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a kan ojú ìwé tiwa. Nígbà tí àlùfáà bi mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pé kí lorúkọ bàbá mi, mo ní Ràímì, télọ̀. Ràímì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi, tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán mi nílé ìwé. N kò pe ẹlòmíràn ní bàbá rí. Ta ni nínú wa tí wọn yóò bi ní irú ìbéèrè yẹn tí kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀? Àmọ́ Ṣùnmọ́nù, awakọ̀ akẹ́rù, ló bí mi, ó sì kú kí n tó mọ ìrìn. Ìyá mi ní kí n ka ẹ̀dà ìwé náà tí wọ́n fún wa sí òun létí nígbà tí mo délé. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ìyẹn ni pé Ṣùnmọ́nù ò bímọ."

Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi tún un ṣe. O kọ̀. O ní: "Bàbá Rọ̀nkẹ́, ẹni tó rán aṣọ tí ẹ wọ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ní kí n pa rẹ́?" Mo bínú. Mo ní n kò ní ka ojú ìwé náà nìyẹn. Èyí tí ẹnì kejì kò bá sì kà, kò lè lọ. Rọ̀nkẹ́ ọmọ wa wakọ̀ wá láti Matteson láti là wá níjà. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ lọ kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?" Ẹ̀rín lo fi dá a lóhùn. "Àwọn kan ò rí ẹyọ bàbá kan kọ. Dádì ẹ ní méjì, wọ́n tún ń jà."

Lórí ibùsùn àìsàn lo ti bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mo ti ka ojú ìwé yẹn. Mo ní ó di ọ̀la. Àdùkẹ́, ọ̀la yẹn ni mo wà yìí.

Wọ́n ti kọ̀wé láti abúlé: ojú ìwé kan yẹn ló kù kí iṣẹ́ parí. Ìka mi lásán lè sọ Ràímì di Ṣùnmọ́nù, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ibi tí òkú ń lọ. Àwọn tó kọ wọ́n kò fẹnu kò. Mùsùlùmí ni mí, Kristẹni ni ọ́. Àwa náà kò fẹnu kò. N kò mọ̀ bóyá o ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ka ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí ibi tí o fọwọ́ sí, lẹ́tà rẹ tó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Mo rí Ràímì, télọ̀. Gbogbo rẹ̀ bá ohun tí o tẹ̀ mu. N kò yí nǹkan kan padà. Mo fi ránṣẹ́.

Kí ìwé ètò ìsìnkú yìí wá bá mi ṣe èyí tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ sílé: èmi Làmídì, ọkọ Àdùkẹ́, Ṣùnmọ́nù awakọ̀ akẹ́rù ló bí mi, Ràímì télọ̀ ló tọ́ mi.

Ojúmọ́ ti mọ́. Mo ti pa iná orí tábìlì. Sùn re o, Àdùkẹ́ ọ̀wọ́n. Bó ti wù kó tutù tó, kí ilẹ̀ Chicago tù ọ́ lára.