Oríkì Tí Mo Fi Ṣe Páswọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì ní Ìjagun, oríkì mi ni mo fi ṣe páswọ́ọ̀dù íméèlì mi, mo sì fi ọdún tí wọ́n bí mi sí i nídìí. Mo gbà pé mo gbọ́n. Nínú gbogbo ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé, kò sẹ́ni tó mọ oríkì náà. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, nìkan ló ń fi pè mí.

Ìyá wá pé ọgọ́rin ọdún. Èmi ni mo ya fídíò wọn níbi tí wọ́n ti ń ki àwa ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo gbé e sórí ayélujára. Mo kọ nọ́ńbà fóònù wọn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹbí àti ará lè pè wọ́n, kí wọ́n ṣàdúrà fún wọn. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe mí bí ìfura.

Lọ́sẹ̀ kejì, íméèlì mi kọ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹnìkan fẹ́ fi páswọ́ọ̀dù mi wọlé láti ibi tí òun ò mọ̀, òun sì ti tìlẹ̀kùn títí òun yóò fi mọ ẹni tí mo jẹ́. Orí mẹ́rin próójẹ́ẹ̀tì mi wà níbẹ̀, kò sì sí níbòmíràn, nítorí kọ̀ǹpútà mi ti kú. Ọjọ́ kejì ni olùkọ́ mi fẹ́ gbà á.

Nọ́ńbà mẹ́fà tí yóò ṣílẹ̀kùn náà lọ sórí fóònù Ìyá, torí fóònù wọn ni mo fi ṣí íméèlì yẹn nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo pè wọ́n.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà kan wọlé sórí fóònù yín. Ẹ kà á fún mi."

"Mo rí i. N ò ní kà á fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, wá sílé."

Wọ́n gé e. Mo bínú débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo ń kùn lójú ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kí n pe àgbà ní wèrè.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀, wọ́n wo ojú mi dáadáa, wọ́n kì mí, wọ́n wá gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Mo béèrè nọ́ńbà tuntun, ó wọlé, ìlẹ̀kùn ṣí. Orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Mo mí kanlẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan ti pè láàárọ̀, tó ń sunkún. Ó ní èmi ni, fóònù òun ló bàjẹ́, kí wọ́n tètè ka nọ́ńbà náà. Ìyá ní, "Ìwọ ta ni?" Ó dá oríkì mi pè, ó sì kì í délẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ọdún tí wọ́n bí mi wà lójú ewé mi lórí ayélujára; ẹni tí mi ò rí rí ti jókòó níbìkan ti fídíò mi, ó ti há oríkì ìdílé wa sórí, èmi tí mo ni ín ò sì lè kì í dé ìdajì.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èmi kọ́?"

"Ó mọ̀ ọ́n kì," ni Ìyá wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ wo lo rí tó ń ki ara rẹ̀ fún àgbà? Èmi ni mo máa ń kì ọ́. Ìwọ, ṣe lo máa ń dákẹ́, tí wàá máa rẹ́rìn-ín."

Gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé ìwé, kò sí èyí tó kọ́ mi ní ìyẹn. Mo ń wo obìnrin tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ íméèlì, ẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀ sì ń bà mí.

Mo pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù náà níwájú wọn. Mo ní kí n sọ èyí tuntun fún wọn, kí ẹnìkan lè bá mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Má sọ ọ́ fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá fi kì ọ́."