Ọkọ̀ Oníná Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Ẹgbẹ́ Wa

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́ wa kú pátápátá lọ́nà Tápà, tí mẹkáníìkì mẹ́ta wò ó tí gbogbo wọn mi orí, ẹgbẹ́ yan èèyàn mẹ́ta pé kí a lọ wá òmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe gààrí ni wá ní Igbó-Ọrà. Igangan àti Tápà la ti máa ń kó gbágùúdá wá sílé, ká tó lọ̀ ọ́, ká sì yan án. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọ́n mú mi. Wọ́n mú awakọ̀ wa, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó wa ọkọ̀ àtijọ́ yẹn títí orí rẹ̀ fi hewú. Ẹnì kẹta ni alága ẹgbẹ́. Ohun tí alága mọ̀ nípa ọkọ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń jókòó síwájú lọ.

Kí n má purọ́, ojú mi kò gba ọkùnrin náà rí. Bó bá ti wọ agbádá tó lọ̀ dáadáa, tó fi àdúà ṣí ìpàdé, tó tún fi àdúà pa á dé, ó ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Gbágùúdá kò kan ọwọ́ rẹ̀ rí, àfi èyí tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé síwájú rẹ̀ nínú abọ́.

Òun ló gbọ́ nípa ọkọ̀ oníná. Wọ́n ní bátìrì ni ọkọ̀ náà fi ń rìn, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mu epo bẹntiróòlù. Bí bátìrì bá ti fẹ́ẹ́ tán, jẹnẹrétọ̀ á tan ara rẹ̀, á máa fún un níná, ọkọ̀ á sì máa lọ. Alága ṣàlàyé èyí nípàdé bí ẹni pé òun ló rọ ọ́.

"Ọkọ̀ tó ní ẹ̀mí méjì ni," ó ní.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ká ọwọ́ mi sí àyà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ni ọkùnrin tó ń tà á gbé e dé láti Èkó. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun. Ẹni tó wọ bàtà funfun wá sí Igbó-Ọrà nígbà òjò, kí ni mo fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi gbígbẹ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹrí ba fún alága, ó sì yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀. Ọkọ̀ yín ti dé."

"Káàárọ̀," mo ní. "Bí a bá kó gbágùúdá kún ẹ̀yìn rẹ̀, ibo ló máa gbé e dé?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó jìnnà, Mọ́mì. Ẹ lè lọ Ìlọrin, kẹ́ ẹ sì bọ̀."

"Pẹ̀lú ẹrù?"

"Ohun tí àwọn tó ṣe é kọ nìyẹn, Mọ́mì."

"Pẹ̀lú ẹrù ni mo bi ọ́."

Ó wo alága pé kó gba òun. Alága ti wọlé sínú ọkọ̀, ó ń fi ìka tẹ gíláàsì kan tó fẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ mi. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ ẹ nírùngbọ̀n.

"Ìyá Ìbejì," ó pè mí, "ẹ wá wo bí ibí yìí ṣe tutù."

Mi ò lọ. Mo yí ọkọ̀ náà ká. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, kò lè gba ìdajì ohun tí ti àtijọ́ ń gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo rí bí bátìrì ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀. Agbára tí ọkọ̀ bá ti fi gbé ara rẹ̀, kò ní fi gbé ẹrù tèmi. Mo bi ọkùnrin Èkó ibi tí a ó ti máa fi iná sí i. Ó ní ilé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti níná. Mo bi í bóyá ó ti sùn ní Igbó-Ọrà mọ́jú rí. Ó gbá eruku tí kò sí kúrò lára ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Awakọ̀ wa ní tirẹ̀ kò bi í ní ohunkóhun. Ó ti rí ìwé ńlá kan nínú ọkọ̀ náà, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń lò ó, ó ń kà á, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ìwé lẹ wá kà ni?" mo bi í. "Ọkọ̀ la wá wò."

"Ọkọ̀ náà ni mò ń wò yìí," ó ní.

Mo pòṣé. Mo rò pé nǹkan tí kò mọ̀ ló dé bá a, tó fi ń fi ìwé bojú.

Mo ní kí a gbé e lọ sí Igangan, kí a kó ẹrù sí i, kí a gbé e padà wálé. Ọkùnrin Èkó ní àpò lè bó ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọkọ̀ akẹ́rù tí a ò gbọdọ̀ kẹ́rù sí," mo ní. "Tún un wí, kí alága gbọ́ ọ."

Alága ní kí a máa lọ. Kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni.

Ọkùnrin Èkó ló ń wà á. A kọjá Ìdèrè, a kọjá Ayétẹ̀, ọkọ̀ náà ń lọ láìpariwo. Ó wù mí, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbà tí a dé Igangan, èmi àti awakọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin oko la jọ to àpò gbágùúdá sẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo àkókò yẹn, alága kò kúrò nínú atẹ́gùn rẹ̀. Bí àwọn ará oko bá wá kí i, á sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ díẹ̀, á na ìka mẹ́rin jáde sí wọn, á tún tì í. Ọkùnrin Èkó jókòó tì í, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ wáàsí nínú ọkọ̀ hàn án. Bátìrì ń tán lọ, kò sí èyí tó bìkítà nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí à ń bọ̀, a kò tíì dé Ayétẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ fi bú ramúramù lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ gbọ́?" ni ọkùnrin Èkó wí. "Ẹ̀mí kejì ti jí."

Kò pẹ́ tí a kan òkè. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àkọlé pupa kan yọ lójú gíláàsì ńlá náà, ọkùnrin náà tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ṣe ni ọkọ̀ túbọ̀ ń lọ́ra sí i. Ọ̀kadà kan tó gbé obìnrin, ọmọ àti ewúrẹ́ kọjá lára wa, ewúrẹ́ náà sì wò wá títí wọ́n fi lọ. Lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. A dúró sáàárín òkè.

"Kí ló dé?" alága bi í.

"Epo ló tán, sà."

"Báwo lo ṣe ra epo sí i mọ?" èmi ni mo bèèrè.

Ó wolẹ̀. Ó ní díẹ̀ lòún rà, kí àwa lè rí i pé kì í mu epo.

Mi ò lè bú u. Èèyàn gbé ọkọ̀ elépo wá láti Èkó, ó sì fi epo sílẹ̀ kó lè dùn ún tà. Èébú wo ló tó ìyẹn? Alága wá sọ̀kalẹ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Oòrùn pa á, agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọkùnrin náà ní gbogbo ìbéèrè tí mo ti bi í láàárọ̀, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ronú kàn wọ́n.

Awakọ̀ wa ti gun ọ̀kadà lọ ra epo ní Ayétẹ̀. Nígbà tó dé, ó rọ ọ́ sínú ọkọ̀, ó sì ní kí ọkùnrin Èkó dìde níbi ìdarí.

"Jẹnẹrétọ̀ yìí kéré," ó ní. "Bó bá jẹ́ òun nìkan ló kù, agbára rẹ̀ ò ká ọkọ̀ tó kẹ́rù lórí òkè. Ó wà nínú ìwé. Ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀, tí á fi tètè jí nígbà tí bátìrì ṣì tó ìdajì. Láti Igangan ló yẹ ká ti jí i. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ báyìí ná, ká má tíì lọ, kí bátìrì rí nǹkan jẹ."

Ọkùnrin Èkó ní òun kò mọ̀ pé ibẹ̀ wà. Ọjà tirẹ̀ ni o.

A jókòó sábẹ́ igi títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí ní abúlé tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, awakọ̀ tẹ ọkọ̀, ó gun òkè náà láìfà, ó gbé wa délé. Nígbà tí à ń já àpò sílẹ̀, mo sún mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ìwé tí mo sọ láàárọ̀," mo ní.

"Ọ̀rọ̀ wo?" ó ní, ó sì gbé àpò tó kàn.

Nípàdé, alága dìde pé ìrìn àjò náà dára, pé ìdádúró díẹ̀ ló wà. Mo dìde lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ewúrẹ́. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ní kí awakọ̀ sọ tirẹ̀. Ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò burú, pé kì í ṣe èyí ló bá wa mu. Ó ní kí wọ́n wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lè dá gbé ẹrù gun òkè, tí àgbá epo rẹ̀ tóbi, tí ẹni tó lè tún un ṣe sì wà ní Ìbàdàn ó kéré tán, kó má jẹ́ pé Èkó la ó máa sáré lọ.

"Gíláàsì ńlá yẹn," ó ní, "kò gbé àpò kan."

Nígbà tí a sọ ọ́ fún ọkùnrin Èkó, ó hàn pé irú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun kò gbé e wá nítorí pé kò rẹwà. Mo ní kó lọ gbé èyí tí kò rẹwà wá. A kẹ́rù sí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ sí Igangan kí ẹgbẹ́ tó rà á. Ibi tí a ti ń lọ gbágùúdá la ti ń fi iná sí i lọ́jọ́ tí ìjọba bá muná wá, lọ́jọ́ tí kò bá sí, epo ló ń lò. Àga rẹ̀ le, atẹ́gùn rẹ̀ kò tutù tó bẹ́ẹ̀, alága kò sì gùn ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹn kò ní kó má sọ fún gbogbo àlejò pé òun ló wá a rí.

Mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́. Awakọ̀ náà máa ń jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀ náà ni ti àwọn ewúrẹ́ Ìdèrè, pé wọn kì í gbọ́ ìró ọkọ̀ nígbà tí òun bá ń bọ̀, pé ṣe lòún máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ lé wọn kúrò lójú títì.